Oko Yin N Jo

Ó ti pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń bi mí léèrè pé ṣé tipátipá ni kí a máa fi àmì ohùn sí orí ọ̀rọ̀ Yorùbá, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó gbọ́ èdè náà yóò mọ ohun tí à ń sọ láìsí i. Èsì tí mo máa ń fún wọn ni pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ìtàn ọ́ìlì ọkọ̀ mi. Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní kí ni ọ́ìlì ọkọ̀ ní í ṣe pẹ̀lú àmì ohùn. Mo ti fi ẹnu sọ ìtàn náà tó ìgbà mẹ́wàá, ó yá kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún 2019 ni. Fìdítì ni mo wà, níbi ìnáwó òkú ìyá arúgbó kan tí ó jẹ́ ìbátan ọkọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti kọjá Òjòó, tí ó sì kọjá Mọ́níyà, yóò dé Ìrókò kí ó tó kan Fìdítì. Ìrókò ni ilé ọkọ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo wa ọkọ̀ mi láti Ìbàdàn wá sí Ìrókò, mo gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìrókò, àwa mọ̀lẹ́bí sì jọ wọ bọ́ọ̀sì kan lọ sí Fìdítì, nítorí pé ibi ìnáwó a máa há fún ọkọ̀. Ìlù ń dún, àwọn obìnrin ilé ń jó, èmi náà ti ń múra láti dìde, ni fóònù mi bá gbọ̀n nínú àpò. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi nìyí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an:

"Momi Ibadan e kaasan ma. Oko yin n jo o. E tete maa bo."

Fóònù Ìyá Ìrókò ni ó ti wá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyá ni ó kọ ọ́, nítorí pé ìyá kò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó wà ní ilé-ìwé girama nígbà náà. Akọ̀wé ni mo máa ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyàwó ilé mọ ohun tí mo ń sọ: ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ, a máa ń sọ wọ́n ní orúkọ ìkẹ́, kódà bí ọmọ náà bá ṣì ń mu ọmú. Àṣà kò tilẹ̀ fi dandan lé e pé kí n yẹra fún orúkọ ti èyí, nítorí lẹ́yìn tí mo wọlé ọkọ tipẹ́ ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn láti máa fi èédú kọ nǹkan sí ara ògiri, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Mo ka iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. "Ọkọ yín ń jó." Mo gbé ojú sókè wo agbo ijó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ti ṣaláìsí láti ọdún 2016, kò sí ijó kan tí ó lè máa jó níbikíbi, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn a máa yára ju ọpọlọ lọ. Bákan náà, nínú èdè wa, ọkọ obìnrin kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Gbogbo ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin agbo ilé ọkọ mi ni ọkọ mi, wọ́n sì ń jó níwájú mi lóòótọ́. Bí ó bá ṣe pé ẹni tí ó wà ní Fìdítì ni ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà ní Ìrókò, ìtumọ̀ rẹ̀ ì bá pé pérépéré.

Nígbà tí mo kà á ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni àyà mi já. "Oko yín ń jó."

Oko tí ọkọ mi fi sílẹ̀ kò tóbi. Ẹ̀gẹ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pẹ mélòó kan tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ gbìn nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wa, tí ó máa ń sọ pé àwọn ni owó ìfẹ̀yìntì òun. Kò gbé ayé jẹ nínú owó náà. Oṣù kejì sì ni, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, koríko ti gbẹ bí ìwé. Ní àsìkò bẹ́ẹ̀, àwọn ọdẹ a máa tiná bọ igbó láti lé òyà jáde, àgbẹ̀ mìíràn a sì máa sun pápá oko tirẹ̀ láìpa ààlà rẹ̀ mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ díẹ̀, oko ẹni tí kò sí nítòsí ni yóò san gbèsè rẹ̀. Mo pe fóònù ìyá, kò lọ. Mo tún un pè, obìnrin inú ẹ̀rọ ń sọ fún mi pé nọ́ńbà náà kò sí lórí afẹ́fẹ́. Ó dá mi lójú pé bátìrì ti tán.

Mo sọ fún àbúrò ọkọ mi létí, mo ká gèlè mi sínú àpò, mo gun ọ̀kadà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Mo rò ó lọ́kàn pé bóyá ọ̀pẹ kò ní jó tán, nítorí ọ̀pẹ a máa la iná já. Bí a ti kúrò ní Fìdítì tán ni mo rí èéfín lọ́ọ̀ọ́kán, tí ó dúró gbọnrangandan ní ọwọ́ òsì. Mo ní kí ọlọ́kadà sáré. Ó wò mí láti inú dígí rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, pápá ni wọ́n ń sun." Pápá ta ni? Òun kò mọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé títí di àkókò yìí, ọ̀rọ̀ kẹta kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ọkọ̀! Kí ni yóò mú mi ronú kan ọkọ̀? Ìrọ̀lẹ́ àná ọjọ́ náà gan-an ni mo pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ́ìlì tuntun, fílítà tuntun. Corolla ọdún 2004 ni, ọkọ mi ni ó rà á, bí ó sì ti máa ń tọ́jú rẹ̀ ni èmi náà ń gbìyànjú láti ṣe: bí kìlómítà bá ti tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún, mo ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo lè fura sí gbogbo ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí kò ṣe ọkọ̀.

Nígbà tí mo dé Ìrókò, Akọ̀wé dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń retí mi. Mo bi í pé, "Ọkọ mi, ibo ni iná náà dé?" Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó ní, "Iná wo, mà?"

Ẹ̀gbẹ́ ilé Ìyá Ìrókò ni àpáta pẹlẹbẹ kan wà, tí ó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Orí rẹ̀ ni ìyá máa ń sá làfún sí. Orí rẹ̀ náà ni mo gbé ọkọ̀ sí láàárọ̀, ní apá òkè, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Láti abẹ́ ọkọ̀ ni ohun kan ti ń ṣàn bọ̀ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán nínú oòrùn. Àwọ̀ oyin ni ó ní, nítorí pé ọ́ìlì tuntun ni, kò tíì dúdú. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, ó ti wọ inú làfún, ó sì ti tàn ká nínú rẹ̀ bí omi ṣe ń tàn ká nínú aṣọ òwú. Làfún tí kò ní ju funfun lọ ti di aláwọ̀ ìyeyè láti ìdí dé àárín.

Ìyá jókòó sórí àpótí lẹ́bàá rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ìyàwó mi, kú ewu. Ọmọ yìí ní òun ti kọ̀wé sí ọ pé ọkọ̀ rẹ ń jò."

Ń jò! Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹbí mi. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ pa mí, nítorí pé oko kò jó. Ẹ̀yìn náà ni mo tún wo làfún, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ṣe làfún rí lè má mọ ohun tí ó ṣòfò níbẹ̀. Wọ́n ti wa ẹ̀gẹ́, wọ́n ti bẹ ẹ́, wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí tí ó fi rọ̀, wọ́n ti yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n ti fún omi ara rẹ̀ dànù, wọ́n ti rún un, wọ́n ti sá a. Ọ̀sẹ̀ kan odidi ni. Oòrùn ọjọ́ kan péré ni ó kù kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Obìnrin kan láti ilé kejì tí ó wá bá ìyá dárò ní kí a ṣa èyí tí ó funfun sọ́tọ̀, kí a sì sá ìyókù gbẹ dáadáa, kí a da á pọ̀ mọ́ ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. "Bí a bá lọ̀ ọ́ tán, ta ni yóò dá a mọ̀? Epo ṣáà ni." N kò ní purọ́ fún yín: èrò náà ti kọjá lọ́kàn mi kí obìnrin náà tó la ẹnu, nítorí pé bí làfún bá dín kù nínú òfò, gbèsè mi náà yóò dín kù. Ìyá mú díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi ìka rún un, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí yóò rà á lọ́jà kò sí níhìn-ín tí yóò fi gbóòórùn rẹ̀. Ẹ kó o kúrò níwájú mi."

Epo ṣáà ni! Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn kò kúrò ní etí mi títí di òní. Ẹ wo ẹrù tí èdè wa di lé orí ọ̀rọ̀ kan. Epo pupa tí ó jẹ́ iwájú ọbẹ̀, epo ni. Epo bẹntiróòlù tí a ń rà fún ọkọ̀, epo ni. Epo rọ̀bì tí wọ́n wà jáde ní Olóìbírì ní ọdún 1956, epo ni. Ìdí ọ̀pẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn baba wa sì kàn nà án dé ibi tí òyìnbó gbé tiwọn dé. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé a kì í sábà pe èyí tí a ń dà sínú ẹ́ńjìnnì ní epo. Ọ́ìlì ni gbogbo mẹkáníìkì àti awakọ̀ ń pè é. Bóyá ọgbọ́n wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá sọ fún mi pé epo tán nínú ọkọ̀ mi, mo mọ̀ pé ilé epo ni mo ń lọ. Bí ó bá sọ pé ọ́ìlì tán, mo mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ lọ síbì kankan.

Ohun tí ọmọkùnrin tí ń tún ọ̀kadà ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà kọ́kọ́ sọ fún mi náà nìyẹn. Òun nìkan ni Akọ̀wé rí pè. Ó ní, "Màmá, ẹ má sítáàtì rẹ̀ o. Ẹ má tilẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sí i." Ó fa gééjì yọ, ó nù ún, ó tún un tì bọ̀ ọ́, ó fà á yọ. Kò sí nǹkan kan ní ẹnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kò ní ọkọ̀. Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ni àwo irin kan wà tí ọ́ìlì máa ń sùn sí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kékeré kan a máa fa ọ́ìlì náà gòkè, a gbé e gba inú fílítà kọjá, a sì máa tú u sí ara àwọn irin tí ń yí, kí irin má baà máa fi ara ha irin. Bí ọ́ìlì kò bá sí, irin yóò gbóná, yóò jẹ ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì nọ́ọ̀kì. Ìdí àwo yìí ni nọ́ọ̀tì kan wà, òun ni wọ́n máa ń tú bí wọ́n bá fẹ́ da ògbólógbòó ọ́ìlì jáde. Láàárín nọ́ọ̀tì àti àwo ni òrùka pẹlẹbẹ kan máa ń wà, tí wọ́n ń pè ní wáṣà. Irin rírọ̀ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, kí ó lè tẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ó bá wà, kí ó dí gbogbo àlàfo. Bí ó bá ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í fẹ́ tẹ̀ bí ó ti yẹ mọ́, nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí kò wúwo tó ewé ẹ̀wà ni, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ọ̀nà ọ̀tọ̀ méjì ni ọ́ìlì sábà máa ń gbà jò lẹ́yìn tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìdí fílítà: òrùka rọ́bà ti fílítà àtijọ́ a máa lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì nígbà mìíràn, bí mẹkáníìkì kò bá sì yọ ọ́ kí ó tó de tuntun lé e, méjèèjì kò ní dí. Ó sì lè jẹ́ ìdí nọ́ọ̀tì. Ọmọkùnrin náà mọ èyí, ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ ti rin gbingbin láti ọ̀hún dé ìhín, nítorí afẹ́fẹ́ ìrìn àárọ̀ ti fẹ́ ọ́ìlì náà ká. Ohun tí ó ṣe yà mí lẹ́nu. Ó rin àkísà sínú epo bẹntiróòlù, ó nu gbogbo abẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́ tónítóní. Ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú làfún tí ó ti bàjẹ́, níbi tí ó ṣì gbẹ, ó rún un kúnná láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó sì fẹ́ ẹ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì láti ìsàlẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ funfun. Ó ní kí á dúró díẹ̀. Akọ̀wé sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí ilà dúdú kan fi là lójú funfun yẹn, ní ìdí nọ́ọ̀tì. Ìdí fílítà gbẹ fúrúfúrú.

Ó ki sípánà bọ nọ́ọ̀tì, ó yí láìjanpata. Nígbà tí ó tú u tán, ó gbé e sí mi lójú: kò sí wáṣà lára rẹ̀ rárá.

Orí ni ó bá mi ṣe èyí tí ó kù. Ihò wáṣà ọ̀kadà púpọ̀ bá ti nọ́ọ̀tì Corolla mu, mílímítà méjìlá ni àwọn méjèèjì. Ó lọ mú tuntun kan wá láti inú agolo rẹ̀, ó fi sí i, ó dè é le, ṣùgbọ́n kò dè é ní àdèjù. Ó ní ẹni tí ó bá fi agbára de nọ́ọ̀tì yẹn, ọjọ́ tí yóò tú u ni yóò mọ̀, nítorí pé yóò ti bó eyín àwo náà. A ra gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì lítà mẹ́rin, ó dà á díẹ̀díẹ̀, ó ń wo gééjì. Lítà mẹ́rin kì í wọlé tán nínú ẹ́ńjìnnì yẹn. Bí wọ́n bá pààrọ̀ fílítà pọ̀ mọ́ ọn, lítà 3.7 ni. Ó ní kí n wá tan án wàyí. Iná pupa tí ó dà bí ìkòkò kékeré tí ń kán tàn, ó sì kú. Mo gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì ọkọ mi bí mo ti mọ̀ ọ́n.

Bí Akọ̀wé kò bá kọ̀wé sí mi ńkọ́? Mo rò ó dáadáa. Alẹ́ ni à bá dé láti Fìdítì. N kò ní rí abẹ́ ọkọ̀. Iná pupa yẹn ì bá tàn, kò ní kú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jó láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ó ń sáré kí ó lè dé Ìbàdàn, bóyá ni yóò wò ó. Kí n tó dé Mọ́níyà, ẹ́ńjìnnì ì bá ti lọ.

Ọ̀rọ̀ fífọ àpáta náà gba àkókò. Mo ti gbé omi àti ọṣẹ nígbà tí ìyá dá mi dúró. Ìsàlẹ̀ àpáta yẹn ni kànga wọn wà. Ó ní ibi tí omi bá gbà ni ọ́ìlì yóò bá a lọ. Eérú ni ó ní kí a dà sí i, àti làfún tí ó bàjẹ́ náà. Làfún mu ọ́ìlì yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. A gbá a jọ, a tún da òmíràn sí i, a gbá a jọ, títí tí àpáta kò fi rin mọ́ ọwọ́. Inú àpò sìmẹ́ńtì ni a kó gbogbo rẹ̀ sí, èmi ni mo sì gbé e lọ sí Ìbàdàn nínú búùtù. Ó kún àpò kan àti ààbọ̀.

Kí n tó lọ, mo fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sí ọwọ́ ìyá. Ó ka mẹ́ta, ó dá méjì padà. Mo ní kí ó gba gbogbo rẹ̀, nítorí ìdààmú. Ó ní, "Iye làfún mi kò tó báyìí. Èmi kò ta ọ́ìlì fún ọ, ìyàwó mi." Mo fi ẹgbẹ̀rún méjì náà ra káàdì ìpè fún fóònù rẹ̀ àti ìwé fún Akọ̀wé.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi, pẹ̀lú ìbínú ọjọ́ méjì nínú. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu. Kí n tó sọ ìdajì rẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀. Ó lọ sí ìdí ọpọ́n tí wọ́n ń da ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù sí, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó wá a títí, ó sì mú wáṣà mi jáde. Ó ti bọ́ pẹ̀lú ọ́ìlì dúdú nígbà tí ó tú nọ́ọ̀tì, kò sì rí i kí ó tó dè é padà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa bínú. Ọwọ́ mi ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ dúró lé mi lórí lọ́jọ́ náà, mà."

Òótọ́ ni. Mo dúró lé e lórí. Ilẹ̀ ń ṣú, mo ń ronú kan aṣọ tí n kò tíì gbà lọ́wọ́ télọ̀, mo sì ń sọ pé ó tó, ó tó, ẹ dì í, ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Ó ní kí n jẹ́ kí òun tan iná kí òun wo abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ní kò sí ohun tí òun ń wò. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Mo máa ń fi òwe yẹn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, n kò mọ̀ pé ọ́ìlì ọkọ̀ náà wà nínú epo rẹ̀. Mo bi í pé èló ni n ó fún un fún wáṣà tuntun, ó ní òun kò gbà. A kò sọ ọ̀rọ̀ làfún. Ó gba àpò sìmẹ́ńtì mi, ó ní òun yóò fi kún èyí tí àwọn tí ń la pákó máa ń wá kó lọ́dọ̀ òun. Wọ́n ń fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kun igi kí ikán má baà jẹ ẹ́. N kò mọ ohun tí ikán yóò fi làfún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí iṣẹ́ tí Akọ̀wé fi ránṣẹ́. Mo fi í ṣe ẹ̀kọ́ ní kíláàsì mi ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo kọ "oko yin n jo" sí ara pátákó, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìtumọ̀. Oko, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀: ọ̀rọ̀ márùn-ún nínú lẹ́tà mẹ́ta. Ọmọ kan tilẹ̀ jà fitafita pé ọkọ́ náà lè jó, bí ìtì rẹ̀ bá jẹ́ igi. Jó pàápàá, tí ó jẹ́ ti ijó, tí ó sì tún jẹ́ ti iná, ohùn kan náà ni ó ní, kò sí àmì tí ó lè yà wọ́n. Jò nìkan ni ó dá dúró. Bí Akọ̀wé bá ti fa ilà kékeré kan sókè ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, láti apá òsì wá sí ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, n kì bá tí ka oko tàbí ọkọ mọ́ ọn: pápá oko kì í jò, ènìyàn kì í jò.

Àwọn àgbà ọ̀rọ̀ ti jìyà lórí àwọn àmì wọ̀nyí. Láti ayé Àjàyí Crowther ni wọ́n ti ń bá a fà á; wọ́n pe àpérò lórí rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1875, ọdún 1974 ni ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí. Ìgbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, a dà bí ẹni tí kò kọ nǹkan kan rí. Ohun tí ó dùn mí jù nígbà tí mo wádìí rẹ̀ ni pé lẹ́tà "ò" wà nínú àwọn lẹ́tà tí ètò fóònù náà ní láti ìbẹ̀rẹ̀. À, è, ì, ò, ù, gbogbo wọn wà níbẹ̀, nítorí àwọn ará Ítálì àti Faransé tí ń lò wọ́n. "Ọ" àti "ẹ" ni kò sí. Bí ènìyàn bá fi ẹyọ "ọ" kan péré sínú iṣẹ́ tí ó ń fi ránṣẹ́, iye lẹ́tà tí ó lè wọ ojú ìwé kan yóò já wá láti 160 sí 70, owó yóò sì lé. Ṣùgbọ́n "jò" kì bá tí gba kọ́bọ̀ kan lé e. Fóònù olótọ́ọ̀ṣì Ìyá Ìrókò lè kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ni ó sọ fún wa?

Mo sọ fún Akọ̀wé. Mo fi hàn án bí a ti ń tẹ bọ́tìnnì náà léraléra títí ó fi dé orí rẹ̀. Ó ní, "Ṣé gbogbo ìgbà ni n ó máa ṣe bẹ́ẹ̀, mà?" Mo ní bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ iná tàbí omi, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ kí ìyókù wà bí ó ti wà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, òjò ńlá kan rọ̀ ní gbogbo agbègbè wa láti òru mọ́jú. Ní àárọ̀, fóònù mi gbọ̀n. "Momi Ibadan e kaaro ma. Aba yin n jo." Ahéré tí ó wà nínú oko wa ni ó ń sọ, tí a fi páànù bò. Mo wo ojú ọ̀run láti ojú fèrèsé, òjò ṣì ń rọ̀. Síbẹ̀ mo pè é. Mo ní, "Ọkọ mi, jó ni àbí jò?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Háà. Ó yẹ kí n fi àmì yẹn sí i, mà."